Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Lẹ́yìn Ìlà Pupa

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá 2025

Iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ní Dubai nínú aṣọ sikiọ́rítì, ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí jù ni ibi tí ilé ìtọ̀ wà. Kọ́ńtíráàtì yẹn ti parí. Kílọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń yìnbọn ṣeré ìdíje ló gbà mí báyìí — Sharjah níhìn-ín, lẹ́yìn Industrial Area, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ti tán tí iyanrìn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fún mi ná. Ìdánwò di 6 Oṣù Kọkànlá. Bí mo bá yege, mo di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ ibi ìyìnbọn, ọdún méjì. Bí mi ò bá yege, wọ́n á cancel visa, ó di Ṣàgámù.

Mo ti rí ìbọn rí. Ta ni ò rí i rí nílé? Lọ́wọ́ ọlọ́pàá, àti lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n mi ò rí i rí kí wọ́n tò ó sórí aṣọ funfun bí irinṣẹ́ dókítà. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ìbọn ìléwọ́ ti eré ìdíje, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, igi ìdìmú wọn ń dán. Ọta wọn kò gùn ju oríkèé ìka mi kan lọ. Kò sẹ́ni tó ń pariwo nínú yàrá yẹn. Mo kàn ń wò, ẹnu mi ò lè padé.

Olùkọ́ mi: Bàbá Gàníyù. Ọmọ Ìbàdàn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, sọ́jà ni nígbà kan, ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde kíá, pé erukú òjé ló wà nílẹ̀ yẹn, àti pé omi tútù ni kí n máa fi fọwọ́ kí n tó jẹun. Ìkíni àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mi ò fọwọ́ kan ìbọn gidi. Ìbọn rọ́bà aláwọ̀ búlúù ni Bàbá kó lé mi lọ́wọ́ láti àárọ̀. Mo gbé e lọ mu omi, mo gbé e lọ gba pépà, mo gbé e dúró ti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Nígbàkúùgbà tí ìka ìtọ́ka mi bá ti yọ́ lọ sórí tírígà — "Ìka!" Láti ẹ̀yìn. Mi ò mọ bó ṣe ń mọ̀. Ìka tí kò bá tíì níṣẹ́ ṣe, ẹ̀gbẹ́ ìbọn ló gbọ́dọ̀ nà sí, gbọọrọ.

Òfin mẹ́rin ló kọ́ mi, ó ní kí n máa sọ ọ́ bí àdúrà. Gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú títí ìwọ fúnra rẹ á fi rí i pé kò ní. Ẹnu ìbọn kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ohun tí o kò fẹ́ kó bàjẹ́. Ìka kò gbọ́dọ̀ kan tírígà àfi tó o bá ti ń wo àmì. Mọ àmì, kó o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì títí dé Al Majaz tí mò ń gbé. Ọkùnrin ará Pakistan kan tó jókòó tì mí dìde, ó lọ jókòó níwájú.

Ọjọ́rú, 15

Ìka. Ìka. Ìka. Bí mo ṣe ń di ṣíbí mú nìyẹn báyìí. Lateefat, tí ibùsùn rẹ̀ wà lókè tèmi ní bedspace wa, yàrá tí àwa púpọ̀ jọ háyà, ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo gbọ́ ọ lónìí. Ìbotí bo etí mi méjèèjì, síbẹ̀ àyà mi gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Pá! Kò tilẹ̀ le púpọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. Ṣùgbọ́n ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí wa, ihò kan ti yọ lára pépà. Ojú ò rí nǹkan kan láàárín ìhín àti ọ̀hún. Mo ń wo afẹ́fẹ́ yẹn ṣáá.

Ìlà pupa kan wà tí wọ́n kùn sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn tábìlì. Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n gbé ìbọn kalẹ̀, gbogbo èèyàn á padà sẹ́yìn ìlà yẹn, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan nǹkan kan. Oníbàárà kan dé, aṣọ funfun gbòò, mọ́tò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju yàrá wa lọ. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pàṣẹ. Bàbá gbé ọwọ́ kan sókè. Kò pariwo. Ọkùnrin yẹn gbé ìbọn kalẹ̀, ó yọ magasíìnì, àpò irin tí ọta ń wà nínú rẹ̀, ó padà sẹ́yìn ìlà, ó ní "Sorry, Bàbá." Irú ẹni tí mo fi ọdún mẹ́ta ṣí ilẹ̀kùn fún, tí kò wojú mi rí! Bàbá tó ń pín yàrá pẹ̀lú èèyàn márùn-ún ní Al Baraha ló gbọ́ràn sí lẹ́nu báyẹn.

Mo ti sọ ọ́ ní Bàbá Ìlà. Nínú ìwé yìí nìkan o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

MO YÌNBỌN.

Ìbọn kẹrin ni wọ́n fún mi. Ẹ jẹ́ n rántí gbogbo ẹ̀. Magasíìnì, ọta márùn-ún, mo tì í wọ inú ìdìmú títí ó fi dún kẹ́. Sílàídì — irin òkè tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀ — mo fà á sẹ́yìn, mo jọ̀ọ́ lọ, ó gbé ọta àkọ́kọ́ wọ ilé ọta. Mí sínú. Mí síta díẹ̀. Dúró. Bàbá ní kí n má fa tírígà, kí n máa tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń tẹ búrẹ́dì wò bóyá ó rọ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo tẹ̀, mo tẹ̀, mo tẹ̀ — ó dún kí n tó mọ̀.

Irin òkè yẹn lọ, ó bọ̀, ó ju ikarahun ọta síta, ó gbé ọta mìíràn wọlé, gbogbo ẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Kò bi mí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù láyé nìyẹn, ó sì bà mí lẹ́rù: bó ṣe dún tán báyìí, ó ti wà ní sẹpẹ́ láti tún dún. Ohun kékeré tí kò wúwo ju irin ìlọṣọ lọ. Mo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ torí kò pariwo, àti torí kí n lè máa rántí bó ṣe yẹ kí n máa bá a lò.

Ọta mẹ́rin bá pépà. Ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn náà, títú u, kí ọta kankan má bàa kù nínú rẹ̀. Magasíìnì ni kí o kọ́kọ́ yọ o! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bó o ṣe ń fa sílàídì, ọta mìíràn á tún wọlé. Lẹ́yìn magasíìnì, fa sílàídì, há a sẹ́yìn. Wo ilé ọta. Ki ìka kékeré bọ̀ ọ́. Fi igi yẹ́lò sí i kí gbogbo ayé lè rí i pé ó ṣófo. Gbé e kalẹ̀. Padà sẹ́yìn ìlà. Àwọn olùkọ́ yòókù máa ń wò nìkan. Bàbá nìkan ló ń ki ìka bọ̀ ọ́ nígbà gbogbo. Ó ní ojú máa ń kánjú, ìka kì í kánjú.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ká gbọ́wọ́ sókè fún ọpẹ́. Mo wo ọwọ́ mi — ìka ìtọ́ka nìkan ló nà gbọọrọ, àwọn yòókù ká kò. Olúwa á ti mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Mo ti ṣe ohun ìtìjú.

Bàbá pè mí sórí ìlà. Jẹ́jẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pa sílàídì dé. Ó nà án sí mi, ó ní, "Gbà. Ó ṣófo." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo tẹ orúnkún, mo ní ẹ ṣé sà. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn. Tí àgbà bá ń fún ọ ní nǹkan, o kì í fọwọ́ kan gbà á, o kì í sì í tú u wò lójú rẹ̀ bí ẹni pé olè ni. Bí mo ṣe tẹ orúnkún yẹn, ẹnu ìbọn tẹ̀ lé mi wálẹ̀. Ó kọjá lórí bàtà Bàbá.

Kò pariwo. Ó bi mí pé kí ni mo yẹ̀ wò. Mo ní ẹ̀yin náà lẹ ní ó ṣófo sà. Ó ní kí n kọjú ẹ̀ síwájú kí n ṣí i. Mo ṣí i. Ọta kan jábọ́ sórí tábìlì, ọta ike aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni, tí kò lè dún.

"Ká ní gidi ni," Bàbá ní, "mi ò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ báyìí. Ọ̀wọ̀ tó o bù fún mi ló máa yìn ín."

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò fi pamọ́.

Ọjọ́rú, 22

Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo nu tábìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo tún wọn nù.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ó pè mí, ó bu tíì fún mi. Ó ní òun ti kọ́ àwọn ará India, ará Kenya, ará Philippines. Wọ́n máa ń ṣe oríṣiríṣi àṣìṣe, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣe èyí àfi àwọn ọmọ wa. Ọmọ Yorùbá mẹ́rin ló ti kọ́ ṣáájú mi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ọwọ́ méjì gbà á, tí wọ́n ní ẹ ṣé sà. Àwọn tó dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn dáadáa ló burú jù.

Ó ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí n fi ìyẹn sílẹ̀ sẹ́yìn ìlà pupa. Ìbọn kò mọ àgbà. Bó bá jẹ́ ojú mi ló ti tú u, tó nà án sí mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò. "Tó o bá yẹ̀ mí wò, o ò bú mi. Ò ń ṣọ́ mi ni."

Lẹ́yìn náà ó nà án sí mi nígbà mẹ́wàá. Nígbà àkọ́kọ́ mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ó ní kò sí ẹ jọ̀ọ́ níbẹ̀. Nígbà kẹfà mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà kẹwàá mo rí i pé inú rẹ̀ ń dùn, àgbà tí ọmọdé ò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nígbà mẹ́wàá, tí inú ẹ̀ ń dùn! Mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ọjọ́ Ajé, 27

Ọta kan kọ̀ láti dún. Òfin ni pé kéèyàn má ṣí i kíá, torí ó lè pẹ́ kó tó dún. Ẹnu ìbọn síwájú, ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, gbogbo wa dúró, títí kan Jesse, máníjà wa tó wá láti Philippines, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kò dún. Bàbá tú u jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ju orin lọ.

Ọjọ́bọ̀, 30

Nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ kọ.

Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí Bàbá ti ń ní kí n máa ka orúkọ àwọn oníbàárà sókè látinú ìwé. Mo rò pé ó ń kọ́ mi ni. Lónìí Kàbírù, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣọ́ géètì, wọlé, ó dúró níwájú Bàbá, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀, ó fẹ́ fi í ṣeré. Oòrùn ń ràn gbòò láti ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló wà láàárín wọn. Bàbá ní, "Ta nìyẹn?"

Kàbírù rò pé Bàbá náà ń ṣeré ni. Ó rẹ́rìn-ín lọ. Èmi rí ojú Bàbá. Kò ṣeré.

Ọjọ́ Ẹtì, 31

Mo bi í nípa ojú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, lẹ́yìn ìlà, níbi tí ó ti yẹ.

Ìkùukùu ti bo ojú méjèèjì, ọ̀tún ló burú jù. Ó ti lé lọ́dún kan. Dókítà kan ní Dubai ní iṣẹ́ abẹ á mú un kúrò, ṣùgbọ́n ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ń parí ní oṣù kìíní. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tó bá ní ojú ń dun òun, wọ́n á ní Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ó dàbọ̀. Ó ní ìka òun ń ríran. Ọdún mọ́kàndínlógún, ẹnikẹ́ni ò farapa lórí ìlà òun. Òótọ́ ni. Gbogbo ìka tó ń yà mí lẹ́nu yẹn, ojú rẹ̀ ni.

Ó ní, "Mi ò ní kó o purọ́. Mo ní kó o dákẹ́ ni." Mo ní ó dáa sà.

Ẹ̀rù ń bà mí. Òun ló máa fọwọ́ sí ìwé mi. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Mo fẹ́ràn Bàbá Ìlà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan tó lè pani lé mi lọ́wọ́ rí kó sọ pé mo lè mú un.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Mi ò rántí ìwàásù. Mo bi Lateefat, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo ní ká ní ọ̀gá ẹnì kan ń fi àìsàn pamọ́ níbi iṣẹ́ tó léwu ńkọ́. Ó ní, "Walahi, mind your business jàre. Ṣé ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ níṣẹ́ lo fẹ́ tì síta? Pass exam ẹ first. Khalas, ó parí." Ó tún bi mí pé ṣé Bàbá yẹn ni. Mo ní rárá. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Jesse fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí ló dé tí Bàbá máa ń ki ìka bọ ilé ọta ṣáá, ṣé kò rí i ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń wò mí. Mo ní bó ṣe kọ́ mi náà nìyẹn, ààbò ni. Ààbọ̀ òótọ́.

Mo sọ fún Bàbá pé Jesse ti ń wo ọwọ́ yín o, sà. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́rú, 5

Ọ̀la ni. Lateefat ti mọ òfin mẹ́rin sórí jù mí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6

Jẹ́ n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́wàá. Obìnrin ará Lẹ́bánónì kan wá láti ọ́fíìsì àgbà wa ní Dubai pẹ̀lú ìwé ìdánwò. Jesse dúró tì í. Bàbá ló máa kọ́kọ́ yìnbọn, ọta márùn-ún, kí obìnrin yẹn lè rí i pé ìbọn ò ní wàhálà. Lẹ́yìn náà á tú u, á fi lé mi lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ìdánwò tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n mú. Bàbá yin mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ bá àárín pépà. Bó ṣe ń ṣe é, Olúwa ló yé. Obìnrin yẹn ní ó tó.

Bàbá yọ magasíìnì. Ọta kẹrin ti wà nínú ilé ọta nígbà yẹn. Ó fa sílàídì sẹ́yìn, ó há a. Ó yẹ kí ọta kẹrin yẹn fò jáde. Ìbotí bo etí gbogbo wa, mi ò gbọ́ bóyá nǹkan kan já sílẹ̀. Bàbá gbé ìbọn súnmọ́ ojú, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ríran. Ìka kékeré rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Jesse ń wo ìka yẹn. Bàbá mọ̀ pé ó ń wò ó. Èmi ni mo sọ fún un.

Ó ní, "Clear." Ó nà án sí mi, ó wá fi Yorùbá sọ ọ́, pẹ̀lẹ́: "Ó ṣófo, ọmọ mi."

Ọmọ mi. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Orúnkún mi fẹ́ tẹ̀, mi ò jẹ́ kó tẹ̀. Mo fọwọ́ kan gbà á, ẹnu rẹ̀ síwájú, ìka mi nà gbọọrọ. Mo wò ó. Nísàlẹ̀ ihò yẹn, nǹkan kan ń dán bí eyín wúrà. Mo ní ojú mi ni. Mo ki ìka kékeré bọ̀ ọ́. Irin. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo dúró bí ìgbà tí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ẹ̀ ni mo rò nínú ìyẹn. Mo lè fi ara bò ó, kí n tún fa sílàídì, kó já sáàárín ikarahun tó kún ilẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Màá yege. Bàbá á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Obìnrin yẹn á wakọ̀ padà sí Dubai. Ohun tí Bàbá bẹ̀ mí náà nìyẹn, pé kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo wá ro ẹni tó máa gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, ọmọ ilé ire kan tó máa fi ọwọ́ méjì gbà á.

Mo gbé ọwọ́ òsì sókè. Mo pariwo: "Stop! Live round!" Mo pariwo mọ́ Bàbá Gàníyù lójú gbogbo èèyàn.

Mo gbé Jẹ́jẹ́ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ síwájú. Mo padà sẹ́yìn ìlà. Gbogbo wa padà sẹ́yìn ìlà, Bàbá náà. Jesse nìkan ló lọ. Ó fa sílàídì lẹ́ẹ̀kan, ọta há, kò jáde. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ọta yẹn fò sórí tábìlì, ó yí, ó yí, ó dúró.

Jesse fẹ́ràn Bàbá. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó yíjú sí i, ó rọra ní, "Bàbá, you left it there to test her. Yes?" Ilẹ̀kùn ló ṣí fún un, ó ṣí i gbayawu. Obìnrin yẹn gbé bíírò rẹ̀ sókè kúrò lórí ìwé, ó ń dúró. Yes, sir ni kí Bàbá sọ. Kò ju ìyẹn lọ. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo tán, mo ń gbàdúrà nínú mi pé kí Bàbá purọ́.

Bàbá yọ ìbotí lórí, ó dì í mọ́wọ́.

"No, sir," ó ní. "I no see am. My eyes don bad since last year. Na finger I dey use. Today I no use am, because you dey look."

Mo ti rí nǹkan ńlá ní ìlú yìí. Ilé tó wọnú ìkùukùu, ọkọ̀ ojú irin tí kò ní awakọ̀, òkun tí wọ́n rọ́ sẹ́yìn kí wọ́n lè kọ́lé. Ẹnu kì í yà mí mọ́. Lónìí ó yà mí, ó yà mí débi pé mi ò lè bọ́ ìbotí tèmi. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dúró gbọnyin báyẹn kó fi ẹnu ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Àná mi ò lè kọ èyí tó kù.

Mo yege. Ọdún méjì. Jesse ló fọwọ́ sí i dípò Bàbá. Ó ti pe ilé ìwòsàn ojú kan ní Dubai, ọjọ́ Ajé ni wọ́n fún Bàbá. Bóyá àyè rẹ̀ á ṣì wà tó bá padà dé, kò sẹ́ni tó lè sọ. Obìnrin yẹn ní ọ́fíìsì ló máa pinnu lórí ohun tí a bá kọ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹni tó rí ọta ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ẹni tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́ á sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà èmi ni mo kọ ọ́.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá géètì, lábẹ́ ìbòji. Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jókòó kí n kà á. Mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, mo ń fi Yorùbá túmọ̀. Mo ti kọ ọ́ pé aago mẹ́wàá. Ó ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, kí n tún un ṣe. Mo ti kọ ọ́ pé bóyá iná ibẹ̀ ni kò tó. Ó ní iná tó, kí n pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́. Mo kà á tán.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó pe Kàbírù láti géètì, ó ní kó wá kà á fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú ti Kàbírù nítorí tèmi. Ó wò mí, ó wo Bàbá, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí, torí mo ṣì jókòó níbẹ̀, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán. Bàbá ò ní kí n má bínú. Kò yíjú sí mi; ó ń yẹ̀ mí wò ni. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó máa bọ́. Mi ò tíì gba ọ̀wọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kàbírù ń kà á díẹ̀díẹ̀. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá ti bá tèmi mu, Bàbá á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó kà á tán, Bàbá bèèrè bíírò, ó ní kí n gbé ìka òun sí ibi tó yẹ kí òun fọwọ́ sí, ó sì fọwọ́ sí i.